Dísíìkì Ọ̀sẹ̀ Mímọ́

Ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà tún dúró. Nélida Ovelar ká ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, ó tẹjú mọ́ ọn, kò tiẹ̀ fẹ́ mí, bí ẹni pé èémí òun ló ń dí i lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìlà náà sún síwájú bíńtín. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

Àrá ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ní Encarnación, bí òjò bá ti ń ṣú, kò sẹ́ni tí kì í sáré yọ wáyà ohun tó ń lo iná nílé rẹ̀: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, títí kan fáànù. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ ò lè yọ tirẹ̀. Àrá sán lálẹ́ àná, ó bá wáyà iná wọlé, ó sì jó kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Inú kọ̀ǹpútà ńlá yìí ni àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbé, àwọn tí kò ní ara tiwọn, tí ọwọ́ ò lè bà, àmọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bíi ti èyí tó lára. Ọ̀kan wà fún owó oṣù, ọ̀kan wà fún lẹ́tà, ọ̀kan sì wà fún ìtọ́jú. Ti ìtọ́jú yìí ló mọ ibi tí ìtànṣán yóò jó lára aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ibi tí kò gbọdọ̀ dé, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Láìsí i, ẹ̀rọ ìtànṣán olówó iyebíye tó wà ní yàrá iwájú ò wúlò fún ohunkóhun.

Nélida ló ń tọ́jú gbogbo wọn. Òròòru ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dà wọn sínú àpótí ìpamọ́ kan tó wà ní ilé kejì lódìkejì ọgbà, àràárọ̀ ni òun náà sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀dà náà pé. Àràárọ̀ ni àmì tó ń sọ pé kò séwu máa ń tàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ò fi bà á nígbà tí wọ́n pè é ní ìdájí. Ó yá kọ̀ǹpútà ńlá kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣírò owó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí àwọn tó jóná dìde sínú rẹ̀, ti ìtọ́jú ló fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n wáyà tó so ilé méjèèjì pọ̀ ti gbó, ẹ̀dà náà sì tóbi. Kò sí nǹkan kan tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́ àfi kó jókòó kó máa wò ó, jíjókòó yẹn gan-an ló sì ń pa á lára.

Rigoberto Cañete yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Òun ni onímọ̀ tó ń ṣírò ìtànṣán fún àwọn aláìsàn, ọkùnrin gíga kan tó ti ń hewú, tí kì í pariwo. Ó béèrè pé ìgbà wo ló máa parí. Nélida ní òun ò mọ̀.

"Irú èsì wo nìyẹn, Nélida? Èèyàn ti kún kọ́rídọ̀."

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ nǹkan tí mo lè fẹnu fẹ́ kó yára ni, ǹ bá ti fẹ́ ẹ títí ẹnu á fi bó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dénú, ó sì padà síbi tó ti ń rìn sókè rìn sódò.

Nélida jáde lọ bomi mu. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n ní sùúrù, wọ́n sì ní in. Wọ́n mọ̀ pé ìtọ́jú yìí kì í fẹ́ ìdádúró, pé bí èèyàn bá pa ọjọ́ jẹ, àìsàn náà á tún ráyè gbéra. Ña Obdulia Fretes ló jókòó láàárín wọn, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan láti San Cosme, tí jẹjẹrẹ mú lọ́nà ọ̀fun. Ó gbé ìgò omi yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó ń bu tereré fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwo màlúù. Bí ẹnì kan bá ti fa omi ewé náà tán, á dá ìwo padà fún un, á tún bu omi sí i fún ẹni tó kàn. Òun fúnra rẹ̀ ò fi kan ẹnu. Ìtànṣán ti bó ọ̀fun rẹ̀ débi pé omi lásán ń ta á, ohùn rẹ̀ náà ti di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí.

Ó fa Nélida lọ́wọ́. "Ọmọ mi, ṣé ó ti jí?"

"Kò tíì jí, Màmá. Ó ń bọ̀."

"O ti jẹun?"

"Tó bá jí, màá jẹun."

"Bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn. Ọkọ wo ló máa fẹ́ egungun?"

Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Nélida náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó mọ ohun tí àwọn yòókù ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ìyá yìí sọ fún un pé ní gbogbo ọjọ́ Ajé òun máa ń bá ara òun jà kóun tó lè jáde nílé. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó ń gbé òun wá ni pé nǹkan náà lópin, pé òun sì ti ń rí òpin ọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kó parí.

Ọ̀sán pọ́n. Ìlú wọnú oorun ọ̀sán, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi fìlà bojú, àwọn aláìsàn kan fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń tòògbé. Nígbà náà ni ìlà aláwọ̀ ewé náà dé ìparí. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ìtọ́jú sì jí, ó ní kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ ìwọlé wọlé, àfi bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí.

Nélida pariwo orúkọ Cañete. Ọkùnrin náà sáré wọlé, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, orúkọ àwọn aláìsàn sì tú jáde láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbá Nélida léjìká, ẹni tí kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti sáré lọ sí kọ́rídọ̀, wọ́n sì gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú Nélida, inú rẹ̀ dùn gidigidi, ebi wá rántí pa á.

Cañete ń fa àwọn orúkọ náà sókè. "Ayala," ó ní. "Ìyẹn ti kú." Ó tún fà á. "Benegas náà ti kú. Colmán ti gbádùn, ó wà ní Ajẹntínà báyìí." Ó tẹ Fretes síbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ. Fretes kan jáde, ọkùnrin, ẹni tí wọ́n ti sin tipẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó wá orúkọ ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ña Obdulia, kò rí i. Ó wá ti ọkùnrin tó ń tòògbé, kò rí i. Gbogbo àwọn tó ti parí ìtọ́jú wọn ṣáájú ọdún Àjíǹde wà níbẹ̀, àtàwọn tó ti kú àtàwọn tó ti lọ sílé wọn, pẹ̀lú àwòrán ọpọlọ wọn, ẹ̀dọ̀fóró wọn àti ọ̀fun wọn, kò sí èyí tó dínkù. Àwọn tó wà ní kọ́rídọ̀ nìkan ni kò sí.

Nélida fi ìdí lé àga. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ló padà wá sọ́kàn rẹ̀. Dísíìkì tí kọ̀ǹpútà ìtọ́jú ń kó nǹkan pamọ́ sí ti kún nígbà náà, àwọn oníṣẹ́ kan sì ti Asunción wá ní ọjọ́rú láti fi òmíràn kún un. Ta ló ń dúró níbi iṣẹ́ lọ́jọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́? Gbogbo ilé ló ti dáná sí ààrò tí wọ́n fi ń yan chipa, búrẹ́dì ọdún náà, ìyá rẹ̀ sì ti pè é lẹ́ẹ̀mejì pé ìyẹ̀fun ń dúró de ọwọ́ rẹ̀. Ó fún àwọn oníṣẹ́ náà ní kọ́kọ́rọ́, ó ní kí wọ́n ṣáà so ó mọ́ ọn kó máa ṣiṣẹ́. Wọ́n so ó mọ́ ọn, ó sì ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo aláìsàn tuntun sí látìgbà náà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún àpótí ìpamọ́ pé dísíìkì tuntun kan ti dé. Dísíìkì àtijọ́ nìkan ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lóròòru, tọkàntọkàn, ó sì ń tan àmì rẹ̀ láràárọ̀ pé kò séwu.

Ó pe àwọn ará Asunción. Wọ́n ní kó ṣàpèjúwe bí dísíìkì náà ṣe jó, ó ṣàpèjúwe ẹ̀, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè yọ nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì bá a kẹ́dùn.

"Ó dá ẹ lójú?" Cañete béèrè.

"Ó dá mi lójú, ọ̀gá. Mo ti ba tiwọn jẹ́."

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó ní àwọn máa tún gbogbo wọn yà láwòrán, àwọn á tún ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé á gba ọjọ́ púpọ̀. Ó ní òun á lọ sọ fún wọn. Nélida ní rárá, òun ni kóun lọ.

Àwọn aláìsàn ti palẹ̀ mọ́ dè é ní kọ́rídọ̀. Wọ́n ti da ewé tereré nù, wọ́n ti to ara wọn bí wọ́n ṣe máa wọlé, Ña Obdulia sì ti tú ìborùn ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, awọ tó ti dúdú tó sì ń bó hàn síta. Nélida sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, kò fi bò. Ọkùnrin kan ṣépè, ó jáde. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún. Àwọn yòókù ń wò ó, wọ́n ń dúró pé ó ṣì máa sọ èyí tó kù.

"Mi ò sí níbẹ̀?" Ña Obdulia béèrè.

"Ẹ ò sí níbẹ̀, Màmá. Ohun tí ara yín ti gbà ò sọnù o. Ìṣirò ẹ̀ la máa tún ṣe, ẹ ó tún ya àwòrán, ẹ ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó parí èyí tó kù."

Ìyá náà gbọ́. Ó gbé ìborùn rẹ̀ padà sọ́rùn, ó wé e yí ká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì so ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé. Màá wá dúró dè yín níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já yín." Omi ti ń bọ́ lójú Nélida.

"Lọ jẹun, ọmọ mi," Ña Obdulia ní. "Má sunkún mọ́. Ó ti tó báyìí."

Ó fọwọ́ gbá Nélida lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ìgò omi rẹ̀. Nélida wò ó lójú, ó ń wá ìbínú níbẹ̀, nítorí ì bá mọ bó ṣe máa bẹ ẹni tó ń bínú. Kò rí i. Ojú náà ti tú ká, iwájú orí ti dán, bíi ti ẹni tó ti ń wá ọ̀nà àtilọ sílé tipẹ́tipẹ́ tí dókítà ò gbà fún, tí àwọn ọmọ ò gbà fún, tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún pé ó lè máa lọ. Ìyá náà ti rìn dé ẹnu ọ̀nà kó tó yé Nélida pé òun lẹni tó sọ ọ́ fún un.