Òpó Irin Ẹnu Ọgbà

Táyà ọ̀tún àga náà kọ lu òpó irin, ó sì dúró. Bùsàrí fà á sẹ́yìn, ó tún un tì. Táyà ọ̀tún kọ lu òpó kan, tòsì kọ lu èkejì. Bàṣírát ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sínú àga onítáyà náà, kò wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo inú ọgbà ìgbafẹ́ níwájú.

Òpó mẹ́rin ni wọ́n rì sẹ́nu ọgbà náà, nítòsí Abraham Adésànyà Estate, kí àwọn ọlọ́kadà má baà sọ ọ̀nà tuntun di ọ̀nà àbùjá. Bùsàrí ló rì wọ́n. Òun ni olórí àwọn bíríkìlà tó da kọ́nkéré ọ̀nà náà, tí wọ́n ní kó tẹ́jú, kí ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn lè gba ibẹ̀ dé etí omi. Oṣù mẹ́ta ló fi gé ibi tó ga, tó fi dí kòtò. Kò sí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọdún méjì nìyí tí ọkọ̀ gbá Bàṣírát ní Awoyaya. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti kú nínú ọkọ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń kírun, kò sí èyí tó dùn mọ́ ọn, kò sì sí èyí tó dùn ún. Ẹnu ilẹ̀kùn yàrá wọn há. Láràárọ̀ ni ó máa ń pọn ìyàwó rẹ̀ jáde sí gbàgede, a padà lọ ká àga, a sì gbé e tẹ̀lé e. Àwọn aládùúgbò a máa yìn ín ní ọkọ rere. Bàṣírát a fojú pamọ́ sẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ò kọjá gbàgede mọ́, òun kì í ṣe ẹrù.

Ìgbà tí Bùsàrí sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni Bàṣírát tó bi í ní ìbéèrè kan. Ṣé lóòótọ́ ni ẹnikẹ́ni ò ní gbé òun níbẹ̀? Bùsàrí ní lóòótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi lé tìróò láàárọ̀ Sátidé yìí, tó wọ hìjáàbù tí kò wọ̀ láti ọdún Iléyá.

Ìsìmáílà, ọlọ́dẹ ọgbà, dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé wọn. Ẹ mú ọ̀tún, kí n mú òsì."

Bùsàrí ò tiẹ̀ ronú. Ó ti bọ́ síwájú àga, ó ti kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọ̀n ọ́n, bó ti máa ń ṣe.

"Bàbá Abdulmajeed," Bàṣírát pe ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Kí lẹ fi wọn ẹnu ọ̀nà yìí?"

Ó fẹ́ sọ pé téèpù. Ẹnjiníà Ọlábùnmí, ọ̀gá rẹ̀, ti béèrè bí àga ṣe fẹ̀ tó, pé Bùsàrí tó ní i nílé ni yóò mọ̀. Bùsàrí ní òun mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rì òpó, bárò tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì ló tì kọjá láàárín òpó méjì. Bárò kọjá, ó ní kí wọ́n da kọ́nkéré sí i. Lójú bíríkìlà, ibi tí bárò bá ti gbà, ọ̀nà ni.

"Bárò," ó dáhùn.

"Ẹ dẹ̀ ń gbé àga yìí lójoojúmọ́."

Lóòótọ́ ni. Ní kíká ló ń gbé e, lábẹ́ apá, bíi pátákó. Kò tíì rí i rí kó gba ẹnu ọ̀nà kankan kọjá pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀. Ó dúró kí nǹkan dùn ún. Ara rẹ̀ kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ó sọ fún Ìsìmáílà pé kò ní sí gbígbé, kó bá òun wá dígà. Ìsìmáílà ní ẹnjiníà ò ní wá títí di Mọ́ńdè. Bùsàrí ní òun ló rì òpó náà, òun ni yóò hú u, kí wọ́n bi òun bí wọ́n bá fẹ́ bi ẹnikẹ́ni.

Téèpù wà lápò rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ó yíjú padà, ó kúnlẹ̀, ó sì rí ojú ìyàwó rẹ̀ àti tìróò tó lé. Ibẹ̀ ló ti yé e pé láràárọ̀, fún odindi ọdún méjì, ẹ̀yìn lòun ń kọ sí i.

Ó na téèpù láti etí táyà kan dé èkejì. Bàṣírát tẹ ìka mọ́ ìdí téèpù kó má baà yọ̀, láìjẹ́ pé Bùsàrí ní kó bá òun dì í mú.

"Mélòó ni?" ó bi í.

Bùsàrí tẹjú mọ́ téèpù, omi sì kún ojú rẹ̀. Nọ́ńbà ara téèpù náà ò hàn sí i mọ́.