Ẹ̀rọ Tó Gba Ìjókòó Múínátù

Kò sí ẹni tó fi ipá gbé ẹ̀rọ náà wọ Ayépé. Kúbúrátù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa irọ́ yẹn lójú òun, nítorí ìṣojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ la ẹnu pé kí wọ́n gbé e wá.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Abẹ́ àtíbàbà gàrí tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá odò, ló ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá láti Ìbẹ́fún. Ó bó o títí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ kò fi tẹ̀ mọ́, ọ̀bẹ sì ti fa ilà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ tí adìẹ tàn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Múínátù máa ń jókòó sí. Ọmọ ìyá kan náà ni ọkọ àwọn méjèèjì, ọdún kan náà ni wọ́n sì wọ agboolé náà. Wọ́n jọ bímọ, wọ́n jọ tọ́mọ, wọ́n sì jọ di opó. Àpótí ìjókòó wọn kò jìnnà síra ju kí orúnkún máa kan orúnkún lọ.

Ojú Múínátù ti ń ṣe bàìbàì, èéfín ìdí agbada gàrí ló bà á jẹ́. Kì í dá ènìyàn mọ̀ mọ́ bí onítọ̀hún kò bá sún mọ́ ọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gẹ́ bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ìka rẹ̀ a máa bá a ríran. Á fi ọ̀bẹ là á lára, á fi àtàǹpàkò ṣí èèpo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, á sì jù ú sínú ọpọ́n ní funfun báláú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Ìtàn ta ló kọ́lé, ta ló ń kọ ìyàwó, àlá tó lá lánàá, gbogbo rẹ̀ ló ń bá èèpo ẹ̀gẹ́ já bọ́ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mípọ̀sí ló wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀nà Ìjagun ló ti wá, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Àjọ kan ló fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ ta ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ayépé lọ́rẹ, wọ́n sì ní kó kọ́kọ́ lọ wo ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe sí ilẹ̀, sí omi, àti sí àwọn ènìyàn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó tì wọ́n láìwo aṣọ tó wọ̀. Ó béèrè ibi tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn gbà, ó béèrè bóyá wọ́n ń pọn nínú odò náà mu, ó béèrè ohun tí ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe.

Nígbà tó kan Kúbúrátù, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ọmọbìnrin náà.

"Wo ọwọ́ yìí, ọmọ mi," ló wí. "Bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e wá."

Múínátù rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, kí ẹ̀yìn àwọn náà lè kan ẹní lọ́sàn-án kí àwọn tó kú. Kò sí obìnrin kan lábẹ́ àtíbàbà yẹn tó sọ pé rárá.

Ìmọ̀ràn tí Ayọ̀mípọ̀sí gbà wọ́n kò burú. Ó ní omi ẹ̀gẹ́ yóò pọ̀ sí i, nítorí náà kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó má baà máa ṣàn lọ sódò. Ó ní kí wọ́n má ṣe lé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, kí wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn fún wọn. Theophilus, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì ṣe ohun tó gbà láti ṣe.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé, wọ́n jó. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo wọn ìbá fi odidi ọ̀sẹ̀ bó, ẹ̀rọ náà á ti bó o tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Theophilus pín iṣẹ́: ó fi àwọn kan sídìí asẹ́, ó fi àwọn kan sídìí agbada, ó fi àwọn mìíràn sídìí àpò. Ẹnu ẹ̀rọ ló fi Kúbúrátù sí, kó máa ṣa òkúta àti igi kúrò nínú ẹ̀gẹ́ kí ó tó wọlé. Ó dán Múínátù wò nídìí asẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ṣákítí, okùn líle tó wà nínú ẹ̀gẹ́. Ó dán an wò nídìí agbada, gàrí jóná, àwọn oníbàárà láti Ìjẹ̀bú-Òde sì dá a padà. Kò sí ẹni tó lé e. Theophilus ní kó máa wá jókòó lọ́dọ̀ àwọn, kó sì máa gba gàrí tirẹ̀ bí gbogbo ènìyàn.

Ó wá bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Á gbé àpótí rẹ̀ sẹ́bàá ògiri, á sì máa bá Kúbúrátù sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù bí ẹranko tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kúbúrátù á rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, á mi orí bí ẹni tó gbọ́, á sì yíjú padà sí ẹ̀gẹ́ kí òkúta má baà wọlé. Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè, àpótí nìkan ló bá níbẹ̀.

Mukhtar ni ọmọ kan ṣoṣo tí Múínátù bí. Agége ló ń gbé, ó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀. Nígbà tó wá kí ìyá rẹ̀, tó bá a nílé lọ́sàn-án gangan, tó ń fọwọ́ pa orúnkún nínú òkùnkùn yàrá, àánú ṣe é. Ó ní kò yẹ kí ìyá òun máa dá jókòó báyìí. Iṣẹ́ ni Mardiyah ìyàwó rẹ̀ ń lọ láti àárọ̀, ilé ìwé ni àwọn ọmọ ń lọ. Bí Màmá bá wà nílé, àwọn ọmọ á rí ẹni bá. Ta ló lè sọ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò dáa?

Kúbúrátù ló bá a di ẹrù Agége. Wọ́n ṣàdéhùn pé àwọn yóò máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Lóòótọ́, wọ́n ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ tiwọn kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dìídì sọ. Bí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ojú wà lára ọ̀bẹ, ìgbà yẹn ló máa ń yọ jáde fúnra rẹ̀. Lórí fóònù, wọ́n á kí ara wọn kú àárọ̀, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á béèrè òjò. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Kúbúrátù á máa gbọ́ bí Múínátù ti ń mí, á máa gbọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, títí ọ̀kan nínú wọn á fi sọ pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí òjò wá le, kòtò kún. Ẹ̀gẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ, nítorí ebi ẹ̀rọ kì í tán. Láti Ìbẹ́fún àti láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá. Omi kíkan bo etí kòtò, ó sì wọ́ lọ sínú odò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja léfòó, wọ́n yí ikùn funfun sókè. Odò náà ń rùn débi pé ewúrẹ́ tó bá débẹ̀ á padà sẹ́yìn.

Ayọ̀mípọ̀sí tún padà wá. Ó rìn lọ wo odò náà. Theophilus dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n sì gbẹ́ kòtò mìíràn. Nígbà tó yá, omi náà tòrò padà, ṣùgbọ́n ẹja kò padà, kò sì sí ẹni tó tún ti igbá bọ̀ ọ́.

Kí Ayọ̀mípọ̀sí tó lọ lọ́jọ́ tó wá wo odò náà, ó béèrè lọ́wọ́ Kúbúrátù pé, "Ìyá wa tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín ńkọ́, àwọn tí ojú ń dùn?"

Kúbúrátù ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó sì wolẹ̀. Ó ní òun béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, òun kò béèrè pé ta ni wọ́n ń bá ṣe é.

Ẹ̀gẹ́ kéékèèké ló ṣí ọ̀nà fún wọn. Ẹ̀rọ kò lè bó àwọn tó tín-ín-rín àti àwọn tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ṣe ló ń gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ dànù, wọ́n sì ti di òkìtì lẹ́yìn àtíbàbà. Theophilus ti ń ráhùn lórí òfò yìí fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Ayọ̀mípọ̀sí bá a sọ̀rọ̀, ó gbà pé kí àwọn àgbàlagbà díẹ̀ máa fi ọwọ́ bó wọn lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ariwo kò pọ̀ sí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Kúbúrátù pe Agége.

"Wọ́n ní kí n padà wá?" Múínátù béèrè.

"Wọ́n ní kí o wá. A ti rí ìdí igi."

Múínátù bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa obìnrin tó ń gbé lókè ilé wọn, tó ń pọn adìẹ gun àtẹ̀gùn, kò sì dáwọ́ dúró títí kírẹ́díìtì fi tán. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ayépé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Kúbúrátù gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mukhtar náà kò kọ̀. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ gba ọlidé, òun fúnra òun yóò gbé Màmá wálé.

Ọlidé náà kù díẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Kúbúrátù wà lẹ́nu ẹ̀rọ láti àárọ̀. Etí ìró ló so fóònù mọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń bú. Ìgbà tí wọ́n pa á fún ìrun alásárì ló tó tú u wò, ó rí i pé Mukhtar ti pè é, ó tún un pè, ó tún un pè. Ó pè é padà.

Múínátù kírun àsùbá, ó ní àyà ń fún òun. Wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi dákẹ́. Mukhtar ní òun ń pè láti béèrè bóyá kí àwọn gbé e wá sí Ayépé, nítorí àwọn kò mọ̀ bóyá ó ti sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Nígbà tí àwọn kò rí ẹni gbé fóònù, alùfáà ní a kì í dá òkú dúró. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n sì sin ín síbẹ̀, ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí.

Kúbúrátù jókòó sórí èèpo ẹ̀gẹ́. Ó mọ ibi tí Múínátù fẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sọ ọ́ fún un, tọ̀bẹtọ̀bẹ lọ́wọ́, pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun lẹ́yìnkùlé ni kí wọ́n tẹ́ òun sí, pé àyè òun ṣì wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi gbin nǹkan.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fídáù, ó wọkọ̀ lọ sí Agége. Lẹ́yìn àdúà, Mukhtar mú un lọ síbi sàréè. Wọ́n ti sin àwọn mìíràn síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ tútù sì pọ̀. Ọmọ náà dúró, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kó tó nawọ́ sí ọ̀kan. Wọ́n ṣàdúà. Bí wọ́n ti fẹ́ máa lọ, ó dá Kúbúrátù dúró.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ wọn jù. Ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí á sin wọ́n sí fún yín?"

Kúbúrátù wo ojú rẹ̀. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti kún un lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Kò sọ nǹkan kan," ló wí. "Ibi tí ọmọ ẹni bá sin ẹni sí, ilé ẹni náà nìyẹn."

Èjìká Mukhtar sọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù fún. Ó dúpẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun sùn láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ kọjá Ṣágámù ni omijé tó wá bọ́. Òun kò parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ rí, kò sì kábàámọ̀ èyí tó pa. Ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn rẹ̀, ó fẹ́ rí ẹnì kan sọ ọ́ fún, kó ní, "Ohun tí mo sọ fún un rèé, ṣé mo ṣe é dáadáa?" Ó wá inú ọkàn rẹ̀ títí, gbogbo ilé, gbogbo ìlú, kò rí ju ẹni kan lọ, ẹni náà ló sì fi sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ní Agége. Obìnrin tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ na ìnujú sí i. Ó gbà á, ó sì yíjú sí ojú fèrèsé títí wọ́n fi dé Ìjẹ̀bú-Òde.