Kí Ẹ Fi Ọgbà Mi Ṣe Ìkẹyìn

Kí Jasinta tó rí bàtà rẹ̀ wọ̀, àwọn obìnrin náà ti wà láàárín ìlà tíì rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n ti so àpò ìrẹsì mọ́ ìdí kí ìrì má baà rin aṣọ wọn, wọ́n ti gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, okùn apẹ̀rẹ̀ sì gba iwájú orí wọn kọjá. Ọwọ́ wọn ń lọ lórí ewé wàràwàrà.

"Mo bẹ̀ yín, ẹ jáde," Jasinta wí láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti ní kí ẹ má kọ́kọ́ máa wá síbí mọ́."

"A ti gbọ́," ni Ìyá Alban dáhùn, kò sì gbójú sókè. "Lọ gbé omi tíì kaná, ìyàwó."

Ìyá Alban ni ẹ̀gbọ́n Patras, ọkọ Jasinta, tó kú nínú oṣù Kìn-ín-ní. Ilé méje ló ní ọgbà tíì ní abúlé náà, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì máa ń ṣe àáró: wọn yóò já ewé ọgbà kan tán, wọn yóò bọ́ sí òmíràn, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká láàárín ọ̀sẹ̀. Ọgbà àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ara máa ń le, ewé tí wọ́n bá já nígbà náà kì í sì í rọ kí ọkọ̀ tó ń kó ewé tó dé. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ṣẹ́ gègé ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sin Patras, Ìyá Alban ti pàṣẹ pé ọgbà opó ni wọn yóò máa kọ́kọ́ já, kò sì sí ẹni tó jiyàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sunkún nígbà tó sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni Jasinta ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é mọ́.

Ohun tó rí kò farapamọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà rẹ̀ tó kọjú sí títì, ewé tó ti gbó kò dán mọ́. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí irin tó ti dípẹtà. Tí ènìyàn bá fi àtàǹpàkò ra ojú ewé náà, àtàǹpàkò yóò pọ́n. Ọgbà tíì ńlá kan ní òdìkejì odò ni wọ́n ti bí Jasinta, ìyá rẹ̀ sì já ewé níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Aláǹtakùn pupa ni wọ́n ń pe kòkòrò náà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ẹ̀rún ata gígún. Ó máa ń ta okùn tín-ín-rín sójú ewé, ó sì máa ń bá aṣọ, apẹ̀rẹ̀ àti ìka ènìyàn rìn. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú: apá ibi tó bá pọ́n, òun ni kí wọ́n já kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibòmíràn títí yóò fi fọ aṣọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin abúlé yìí kò dàgbà nínú ọgbà ńlá. Àgbẹ̀ onírẹsì ni wọ́n. Kò tíì pé ọdún méjìlá tí wọ́n ti gbin tíì sí ilẹ̀ ìrẹsì wọn. Ọ̀mùnú tuntun nìkan ni ojú wọn mọ̀, ewé méjì àti ṣóńṣó kan, nítorí òun ni wọ́n ń já. Ewé tó ti gbó, àpò ìrẹsì tí wọ́n so mọ́ ìdí ló ń kàn án.

Bí wọ́n bá sì kúrò níbí, ọgbà Ìyá Alban ló kàn. Ogún bàbá òun àti Patras ló fi gbin tíì, ọdún yìí ni yóò sì kọ́kọ́ mú ewé tó pọ̀ jáde níbẹ̀. Igi rẹ̀ ṣì kéré. Igi tíì tó ti dàgbà lè fara da aláǹtakùn pupa títí òjò yóò fi dé, ṣùgbọ́n igi tó ṣì kéré yóò wọ́wé, yóò sì kú.

Jasinta gbé omi kaná. Kí ni kó tún ṣe? Ó bu iyọ̀ sí tíì, bí wọ́n ti ń mu ún níbẹ̀, ó gbé e fún wọn, wọ́n mu ún lórí ìdúró, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ranthi, tí àwàdà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní òun kò rí opó tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ tó ń lejú bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n gba àárín ìlà tíì kọjá sí ọgbà Ìyá Alban, àpò ìdí wọn sì ń gbá ewé lọ ní ọ̀tún àti òsì. Jasinta dúró, ó ń wò wọ́n, ó sì ń gé èékánná ara rẹ̀ jẹ.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá Ìyá Alban nílé. Ó rọra ṣàlàyé, láti orí kòkòrò dé orí àpò ìdí. Ìyá Alban ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ̀yin ọmọ ọgbà ńlá," ó wí níkẹyìn, "ẹ ti gbà pé kò sẹ́ni tó mọ tíì bíi tiyín."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Alban."

"Eruku ni. Láti ìgbà tí lọ́ọ̀rì yanrìn ti ń gba títì yìí kọjá, ṣé aṣọ wa gan-an kò pọ́n? Ìwọ náà lọ wo aṣọ tí mo sá."

Jasinta ní òótọ́ ni, eruku a máa ran kòkòrò náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n eruku kì í rìn fúnra rẹ̀. Ìyá Alban gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, èyí ló sì bí Jasinta nínú jù lọ. Ó ní òun mọ̀ pé ìbànújẹ́ máa ń mú kí ènìyàn kọ oore. Nígbà tí ìyá àwọn kú, òun náà kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta. Kí ìyàwó lọ sùn. Kó tún máa jẹun dáadáa.

Ní ọjọ́bọ̀, àgbà ìjọ Nikodim dé pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá. Wọ́n ti sọ fún un pé opó Patras ń lé àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Ó jókòó lórí àga Patras, ó ka ẹsẹ̀ Bíbélì kan nípa ìrẹ̀lẹ̀, ó sì gbàdúrà gígùn lórí ọkàn tó le. Jasinta di ojú, ó ń gbọ́ lọ́ọ̀rì tó ń kọjá lóde. Nígbà tí àgbà ìjọ ṣe àmín tán, Jasinta bi í bóyá yóò jọ̀wọ́ bá òun wo ewé tíì díẹ̀. Àgbà ìjọ ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́.

Ìròyìn tó fẹ́ pa á kú dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Benedik, tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ewé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ tíì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ní Ìyá Alban bẹ òun pé kí òun bá a ra oògùn kòkòrò bọ̀ láti ọjà, èyí tó le dáadáa. Apá kan ọgbà rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó ṣì ń pè é ní eruku, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò fọ́n ọn.

"O sì gbà?"

"Kí n kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ? Èmi?" Benedik fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Inú òun náà kò dùn. Ilé iṣẹ́ máa ń yẹ ewé wò báyìí. Inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kó ewé sí, bí ewé ilé kan bá sì ní oògùn lára, gbogbo ẹrù ni wọn yóò dá padà. Ó ní òun rò pé Jasinta lè bá a sọ̀rọ̀, ó ṣe tán, ẹbí ni wọ́n.

Jasinta rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Oògùn tí wọ́n ń tà lọ́jà, oògùn kòkòrò mùkúlú ni. Yóò pa gbogbo kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ aláǹtakùn pupa, aláǹtakùn pupa fúnra rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀, yóò máa bí sí i. Ta ni yóò gbọ́ èyí lẹ́nu òun?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti dúró sí ojú ọ̀nà ọgbà kí wọ́n tó dé. Sárì, aṣọ gígùn funfun etí pupa tó máa ń ró lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ló ká sọ́wọ́.

"Ọjọ́ Ìsinmi ti kọjá," ni Ranthi wí.

"Di etí rẹ̀ mú."

"Kí ni mo fẹ́ di mú?"

"Ranthi, mo ní kó o di etí rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa ṣe ohun tó bá wù yín. Ẹ lè pe àgbà ìjọ padà wá."

Ohùn rẹ̀ ló yà wọ́n lẹ́nu, kì í ṣe sárì. Kò sí ẹni tó ti gbọ́ kó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ranthi di etí aṣọ mú. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ igi tíì kan tó wà lẹ́bàá títì, wọ́n nà án kó le. Jasinta mú igi pẹlẹbẹ, ó fi gbá ẹ̀ka lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé gbígbẹ díẹ̀ já, eruku sì tẹ̀ lé e.

"Eruku náà nìyẹn," ni Ìyá Alban wí.

"Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ má mí sí i."

Gbogbo wọn tẹrí ba wò ó. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ̀rún kan lára eruku náà gbéra. Òmíràn gbéra. Kò pẹ́ tí ẹ̀rún pupa kéékèèké fi ń rìn káàkiri ojú aṣọ funfun náà, wọn kò yára, wọn kò sì dúró, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà lọ. Ìyá Alban na ìka kan, ó tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó sì fà á. Ìlà pupa tín-ín-rín kan kù sí ojú aṣọ.

Ranthi wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi di aṣọ mú. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn àpò ìdí rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó bá ejò nínú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ?" Ìyá Alban bi í.

Jasinta wò ó títí.

"Mo sọ."

"O kò sọ ọ́ báyìí."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Jasinta láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dìde wá sí ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú Ìyá Alban wà lórí àwọn igi kéékèèké tó wà ní òdìkejì ààlà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó wá sọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní ọgbà ńlá. Kí wọ́n já àwọn ewé tó ti pọ́n, kí wọ́n sun wọ́n. Kí wọ́n máa fi omi wọ́n àwọn ìlà tó wà lẹ́bàá títì láràárọ̀. Kí wọ́n se àpò ìdí àti aṣọ iṣẹ́ nínú omi gbígbóná. Kí wọ́n má fọ́n oògùn ọjà. Kí wọ́n sì fi ọgbà òun ṣe ìkẹyìn títí òjò yóò fi dé.

"Ìkẹyìn, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn," ni Ranthi wí. Àwàdà ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ewé rẹ yóò ti le. Benedik kò ní gbà á."

"Mo mọ̀."

"Gbogbo ìgbà títí òjò?"

"Mo ní mo mọ̀, Ranthi."

Ìyá Alban bọ́ àpò ìdí tirẹ̀, ó ká a pọ̀, inú rẹ̀ sódì, ó sì gba ojú títì lọ sílé láìfi ara kan igi kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Jasinta nìkan ló ṣiṣẹ́ nínú ọgbà rẹ̀. Ó ń já ewé pupa láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi le, ó ń sun wọ́n, ó ń pọn omi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta Benedik wo ewé rẹ̀, ó gbìyànjú láti ṣẹ́ igi ọ̀mùnú kan, kò dá pọ́ún, ó kàn tẹ̀ bí okùn. Ó mi orí. Ó gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un, ó ní òun kò rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Jasinta gbọ́ tí wọ́n ń bọ̀ lójú títì. Ranthi ń sọ ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ kan, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ohùn wọn rẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò dúró. Wọ́n kọjá.

Ó ti gbé omi kaná, omi ènìyàn méje. Ó dúró tì í pẹ̀lú iyọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, ohun tó jà fún, tó ba sárì jẹ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tó sì rí i gbà tán, ó dà bíi pé ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ilé opó. Ó bínú sí wọn. Lẹ́yìn náà, ó bínú sí ara rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó kù tí wọn ìbá ṣe.

Ó gbé omi náà kúrò lórí iná, ó sì fi wẹ̀. Ó fọ irun rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó sè ní ọjọ́ Ìsinmi, ó fi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, ó sì gba ojú títì, kò gba àárín tíì.

Ìyá Alban wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ọgbà rẹ̀. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Aṣọ yẹn, ṣé o sè é?"

"Mo sè é."

"Irun ńkọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́."

Ìyá Alban bẹ̀rẹ̀ sídìí igi ìbòòji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀, tuntun ni, oparun rẹ̀ ṣì ń dán. Ó nà án sí i.

"O pẹ́," ó ní. "Ìlà kẹta ni tìrẹ."

Jasinta gba apẹ̀rẹ̀ náà, ó gbé okùn rẹ̀ kọjá iwájú orí rẹ̀, ó sì wọ ìlà kẹta.