Dókítà Ke Kì í Gún Ẹni Tínú Ń Bí

"Mi ò ní gún ọ lábẹ́rẹ́ báyìí," ni Dókítà Ke wí, ó gbé ìka mẹ́ta kúrò lọ́rùn ọwọ́ Meiyun. "Inú ń bí ọ jù. Iṣan rẹ le bí okùn tí wọ́n fà."

Meiyun dìde jókòó lórí ibùsùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni apá ọ̀tún rẹ̀ kò ti lè gbé ife tíì dé ẹnu. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á nígbà tó wọlé láàárọ̀ yìí. Ó béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ á jáde, bóyá abẹ́rẹ́ lè kán sínú ẹran ara. Dókítà Ke, ìyá àgbà náà, fi abẹ́rẹ́ hàn án, tín-ín-rín bí irun orí, tí kò ní oògùn nínú, ó sì bi í bóyá ó ti jẹun, nítorí òòyì máa ń kọ́ ẹni tébi ń pa. Ó ti jẹun. Ó ti yọ ahọ́n fún wọn wò. Kí ló tún kù?

"Ààyè ìdajì ọjọ́ péré ni mo gbà níbi iṣẹ́, Màmá. Ẹ gún un bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi nínú, ọ̀gá mi ni."

"Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó mutí yó, ẹni tébi ń pa, ẹni tínú ń bí, a kì í gún wọn. Kí ló ṣe ọ́ gan-an?"

Suhua, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mú un wá, ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Akọ̀wé ni Suhua nílé iṣẹ́ bàtà tí Meiyun ti ń rán awọ.

"Ẹ má dá Àǹtí lóhùn, Màmá. Tí òjò bá pa wọ́n, wọ́n á bá òjò jà." Ó fa bébà kan yọ nínú àpò. "Àǹtí, ẹ ṣáà buwọ́ lù ú kọ́kàn yín lè balẹ̀. Ọ̀gá Hong fẹ́ gbà á kó tó di ọ̀sán."

Ohun tó wà nínú bébà náà ni pé ilé ni Meiyun ti ṣèṣe, níbi tó ti ń gbé àgbá gáàsì, pé kì í ṣe níbi iṣẹ́.

"Àgbá gáàsì wo?" Ohùn Meiyun ròkè. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti jókòó ti ẹ̀rọ kẹtàdínlógójì! Lóṣù kẹjọ, nígbà tí fáànù bàjẹ́ tá à ń rán bàtà òjò ọmọdé, mo sọ fún Hong pé èjìká ń dùn mí. Ó ní kí n fi òróró pa á. Lóṣù kẹwàá mo tún sọ. Ó ní àwọn ọmọge tí èjìká ò dùn kún ẹnu ọ̀nà. Suhua, ṣé ìwọ lo tẹ nǹkan yìí?"

"Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ ni."

"Lánàá o jẹun nínú ìkòkò mi!"

"Lọ́dọ̀ Hong náà ni mo ti ń jẹ!" Omijé ti bọ́ lójú Suhua. "Tí mo bá dá a padà lófìfo, wọ́n á lé èmi náà. Ta ló máa wá bọ́ wa?"

Meiyun wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Suhua nígbà tóun wọlé ọkọ. Òun ló ń di irun fún un kó tó lọ sílé ìwé.

"Gbé bírò wá."

Ọwọ́ òsì ló fi gbà á. Ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ àgbá gáàsì náà. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ pé: *Ẹ̀rọ kẹtàdínlógójì ló ba apá mi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún Hong.* Ó buwọ́ lù ú.

"Sọ fún Hong pé ńṣe ni mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ. Sọ pé mo bú ọ dáadáa."

"Ẹ kúkú bú mi," ni Suhua wí. Ó nu imú, ó ká bébà náà, ó sì jáde.

Meiyun dùbúlẹ̀ padà. Dókítà Ke tún di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pẹ́ díẹ̀.

"Inú ṣì ń bí ọ."

"Ó ń bí mi, Màmá."

"Ṣùgbọ́n iṣan rẹ ti dẹ̀." Ó fi òwú tútù nu èjìká náà. "Má mira fún ìdajì wákàtí. Á ro ọ́, apá á sì wúwo; ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tó bá ta ọ́ bí iná, pariwo."

Meiyun kò mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, ohun kan tó wúwo rọra sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká dé ìka.

"Ṣé ó ń ro ọ́?"

"Ó ń ro mí. Ẹ fi òmíràn sí i."