Òfin Ò Dárúkọ Pálọ̀

Bàbá kan wà tó ń tún fíríìjì ṣe. Ó-ṣì-ń-wúlò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sóhun tó bàjẹ́ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀. Fíríìjì tó ti kú, fáànù tí kò lápá, àwo ilé ìyàgbẹ́ tó ti sán, bọ́ńẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò mọ olówó ẹ̀: gbogbo ẹ̀ ló kó kún àgbàlá. Eku ń bímọ síbẹ̀, ẹ̀fọn ń fi omi òjò inú wọn ṣelé.

Ìyàwó ẹ̀, aránṣọ tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ, bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Ló bá lọ fẹjọ́ ọkọ ẹ̀ sun wolé-wolé.

Wolé-wolé dé, ó fi áńkáṣíìfù dí imú.

“Bàbá, òfin ìmọ́tótó ò gba pàǹtí lójú ìta. Ẹ kó o kúrò, kí n má baà gbé yín lọ sílé ẹjọ́.”

“Ojú ìta lòfin wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ máa fi ti ṣọ́ọ̀bù dé, àgbàlá ti mọ́ féfé, ṣùgbọ́n agbára káká ni ilẹ̀kùn fi ṣí. Fíríìjì ti gba gbogbo pálọ̀, àwo ìyàgbẹ́ sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí àlejò pàtàkì.

“Òfin ò dárúkọ pálọ̀,” ni ọkọ ẹ̀ wí.

Aránṣọ ò bá a jà. Ó bẹ àwọn aládùúgbò, wọ́n bá a gbé bẹ́ẹ̀dì síta. Ó ta àwọ̀n ẹ̀fọn lé e lórí, ó sì nà gbalaja síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

“Ṣé kò sí nǹkan?” ni àwọn tó ń kọjá ń bi í.

“Kò sí nǹkan. Ọkọ mi ló gbé ìyàwó tuntun wọlé. Ìyàwó náà nílẹ̀kùn, àmọ́ kò lè mú nǹkan tutù.”

Wolé-wolé padà wá, ó bá bẹ́ẹ̀dì lójú ìta.

“Ìyá, òfin ò gba èyí náà.”

“Gbé e lọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi náà wà lórí ẹ̀. Tí mo bá ti di pàǹtí, kó wa dànù pa pọ̀.”



Bí wọ́n ti ń wí lọ́wọ́ ni bàbá já jáde láti inú ilé, ó ń nu ẹnu. Oorun ọ̀sán ló ń sùn láàárín fíríìjì méjì tí eku fi gba orí ètè ẹ̀ kọjá.

“Wolé-wolé,” ló wí, “ṣé ọkọ̀ akólẹ̀ yín tóbi?”

Nígbà tí ọkọ̀ dé, gbogbo ẹrù tí wọ́n bá gbé jáde ni bàbá ń fọwọ́ pa lórí. “Ó ṣì ń wúlò.”

“Kó lọ wúlò níbòmíràn,” ni ìyàwó ẹ̀ ń dáhùn.

Nígbà tó kan fíríìjì funfun kan, omi bọ́ lójú bàbá. Ìyàwó ẹ̀ sún fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó tì í.

“Èyí tí mo kọ́kọ́ tún ṣe láyé mi nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Òun ló ba ẹran mi jẹ́.”

Bàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Wolé-wolé tún ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Tọkọtaya ní kó máa lọ ná, atẹ́gùn ibẹ̀ tù wọ́n lára.