Fìlà Orí Súìṣì

Kí áàpù orí fóònù tó dé, fìlà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kìlọ̀ fúnra wọn nílé-iṣẹ́ ọṣẹ kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọnú táńkì lọ láti ha ọṣẹ tó gan mọ́ ọn lára yóò kọ́kọ́ ṣí fìlà orí rẹ̀, yóò fi kọ́ ọwọ́ súìṣì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ. Abẹ irin ńláńlá tó ń po ọṣẹ wà nínú táńkì yẹn, wọn kì í sì í fi ṣeré. Bí wọ́n bá ti rí fìlà lórí súìṣì, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án títí onífìlà yóò fi jáde wá mú un.

Bíńtín ló sábà máa ń wọlé, torí ara rẹ̀ kò ju ti ọmọ iléèwé lọ, ẹnu táńkì sì há. Àbúrò Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ni, ọmọ ìyá kan náà. Akọ̀wé ló bá a wá iṣẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ìyá wọn di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú, ó ní, "Ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fi í lé lọ́wọ́ o. Bó o ṣe ń mú un lọ ni kó o máa mú un bọ̀."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ojú ogun ni mò ń mú un lọ ni?"

Obìnrin tó mọṣẹ́ ni Akọ̀wé, kò sì fẹ́ràn wúruwùru. Ohun tó ń bí i nínú jù ni ẹgbẹ́ orí fóònù tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Bí Ọ̀gá bá kéde níbẹ̀ pé kí wọ́n tètè dé, kò ní pẹ́ tí àdúrà, àwòrán ọmọ jòjòló àti ìpolówó bàtà yóò bo ìkéde náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá wá ní kó yan áàpù mìíràn tí yóò wà fún iṣẹ́ nìkan, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Ó dán oríṣiríṣi wò. Ọ̀kan ń jẹ dátà bí ẹni pé ebi ti ń pa á tipẹ́. Òmíràn ní bọ́tìnnì tó pọ̀ débi pé Ọ̀gá ṣìnà sínú rẹ̀. Èyí tó wá wọ̀ ọ́ lójú ni ti alátàǹpàkò: ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ tán yóò tẹ àwòrán àtàǹpàkò sábẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò sì hàn. Akọ̀wé ní ó tán, kò sẹ́ni tó máa tún purọ́ pé òun ò gbọ́. Ó ṣòfin lé e pé ẹni tó bá fi àtàǹpàkò falẹ̀ máa gbàwé kó wá wí tẹnu ẹ̀. Ó sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú fìlà kíkọ́.

Bíńtín wá bá a ní ọ́fíìsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa ṣe méjèèjì pọ̀. Fìlà ò kúkú dí áàpù lọ́wọ́."

"Àwọn àlejò wá lọ́jọ́sí, fìlà ẹ tó ń rùn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ojú tì mí!"

"Màá fọ̀ ọ́."

"Kò kan fífọ̀. Kọ ọ́ sórí áàpù, gbogbo wa á rí i. Èmi gan-an á rí i."

Bíńtín dá fìlà padà sórí. "Ó dáa, bẹ́ ẹ ṣe wí náà ni."

Kò pẹ́ tí àtàǹpàkò fi dàrùn. Ọ̀gá jí, ó kọ̀wé. Ó jẹun tán, ó kọ̀wé: lórí iná tí wọn ò pa, lórí ẹni tó mu tíì tí kò fọ kọ́ọ̀pù. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì rèé, ọṣẹ ló kún un. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu ìka kan sára aṣọ, tí wọ́n á yọ fóònù, tí wọ́n á tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, tí wọ́n á sì sọ ọ́ padà sápò. Ẹlẹ́rọ, ọkùnrin tó ń tan ẹ̀rọ, máa ń fọ́nnu pé òun lè dijú tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ń wo orúkọ wọn bó ṣe ń tò, orí rẹ̀ ń wú. Orúkọ ló ń rí, ó rò pé ìgbọ́ràn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ burúkú náà, Ọ̀gá kọ̀wé gbọọrọ nípa kọ́ọ̀pù. Bíńtín kọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e: "Mò ń wọ táńkì lọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ẹ̀rọ." Ọ̀gá tún kọ òmíràn lé e, kọ́ọ̀pù náà ni. Nígbà tí Ẹlẹ́rọ ti ibi oúnjẹ dé, ó nu ìka, ó tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo súìṣì, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tàn án.

Akọ̀wé gbọ́ igbe, ó sáré jáde, bàtà kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn dì í mú kó má bàa dé ẹnu táńkì. Nígbà tí wọ́n gbé Bíńtín jáde, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọṣẹ ni wọ́n fi bò ó. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mi ò rí fìlà," ló ń wí ṣáá. "Mi ò rí fìlà kankan níbẹ̀."

Akọ̀wé já mọ́ ọn. "O tẹ àtàǹpàkò! Orúkọ ẹ wà níbẹ̀, wá wò ó!"

Ó ṣí fóònù rẹ̀ kó lè fi hàn án. Lóòótọ́ ni orúkọ Ẹlẹ́rọ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Bíńtín, òun ló gbẹ̀yìn. Orúkọ tó ṣáájú gbogbo wọn ni ti Akọ̀wé. Ó ronú títí, kò rántí ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Kò ka ọ̀rọ̀ náà rárá, èsì tó ń kọ sí Ọ̀gá nípa kọ́ọ̀pù ló gbà á lọ́kàn.

Obìnrin tó ń di ọṣẹ sí páálí dì mọ́ ọn, ó fẹ́ tù ú nínú. "Àǹtí Akọ̀wé, Bíńtín kì í ṣe aláìgbọ́ràn o. Kò tiẹ̀ fẹ́ tètè wọlé. Ó dúró lẹ́nu táńkì, ó ń wo fóònù ẹ̀. Ìgbà tó rí àtàǹpàkò yín ló tó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ti rí i,' ló bá wọlé."

Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ọ̀gá ló kọ̀wé sórí áàpù pé Bíńtín ti kú, kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Àtàǹpàkò ti ń tò sábẹ́ rẹ̀.