Sáátà Tí Kò Fẹ́ Òróró

Inú sáátà, ewé olóòórùn kan, ni wọ́n ti ń yọ oògùn aràn tí ìjọba ń fún wa nínú àgọ́ ìtọ́jú etí odò. Oògùn náà funfun, ó ń dán bí iyọ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgọ́ kan. Bẹ́ẹ̀, sáátà yẹn náà la máa ń po mọ́ òróró, tí a fi ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di opó nìyẹn.

Aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ Bayumi, ọkọ mi, débi pé kò lè gbé ọkọ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bishara tó ń pín oògùn fún un ní tirẹ̀ kó tó jẹun.

"Bayumi, gbọ́ o! O ò gbọdọ̀ fi òróró tàbí ọ̀rá kankan kan ẹnu títí iyọ̀ ìgbẹ́ tó máa fọ inú rẹ á fi ṣiṣẹ́. Omi kì í yọ́ nǹkan yìí, ìyẹn ló ṣe ń dúró sínú ìfun tó ń pa aràn. Tí ọ̀rá bá yọ́ ọ, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ló ń lọ. Ìwọ ló máa wá pa."

Mo lọ fọ aṣọ rẹ̀ lódò. Nígbà tí mo dé, ó ti tutù, ó ń làágùn, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó fi aṣọ dúdú rẹ̀ bo itan. Mo ké pe Bishara.

Bishara sáré dé. "Kí ló jẹ?"

"N ò jẹ nǹkan kan," ni Bayumi wí, kò wojú ẹnikẹ́ni. Inú bí mi sí i. Ọkùnrin tó lè kú kí ojú má baà ti ìyá rẹ̀!

"Ìyá Bayumi, ṣé ẹ fún un ní nǹkan?" ni Bishara bi í.

"Èmi?" Ó nàka sí mi. "Ẹ wá wo ìyàwó tó fẹ́ sọ mí di àjẹ́ o! Nabawiya, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń se omi gbígbóná?"

Bishara ní, "Ẹ sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rá, iyọ̀ ìgbẹ́ ló máa mu kíá. Tó bá jẹ́ ebi ló fa òòyì rẹ̀, iyọ̀ yẹn lè pa á."

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ mi.

"Màmá, ẹ fi orí Bayumi búra."

Ó la ẹnu láti búra. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, Bayumi nìkan ló kù. Ló bá bú sẹ́kún, ó yọ abọ́ òfìfo lábẹ́ aṣọ.

"Omi tí mo fi se adìẹ ni. Mo yọ́ bọ́tà sí i. Mo gbóòórùn sáátà lẹ́nu ẹ̀, mo ní, ta ló ń jẹ sáátà láìsí òróró? Mo ní kó má há a lọ́fun ni."

Wọ́n fún un ní iyọ̀ náà, wọ́n tún fún un. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú ọwọ́ mi, ẹ̀rù bà mí débi pé àdúrà tí mo mọ̀ láti kékeré ń pòórá lẹ́nu mi. Ó yàgbẹ́ níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsárì, ó la ojú.

"Omi," ó ní.

Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ìkòkò omi wà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, òun ló ń sọ ohun tí a óò jẹ. Ó gbé ìkòkò náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì yíjú sí mi.

"Nabawiya, ọmọ mi," ó ní, "ṣé omi yìí ò ní pa á?"